Orúkọ Ẹni Tó Gúnyán

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ọmọ odó ṣì ga jù mí lọ, ní ìgbèríko Ìjerò níbi tí bàbá mi ti ń dá oko kòkó, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí a kì í gúnyán. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ óò rántí. Ìyá mi á mú ọmọ odó kan, èmi á mú èkejì, ẹ̀fọ́ á máa hó lórí ààrò, òógùn á máa bọ́ lójú wa. Bí mo bá jẹ́ kí kókó ṣẹ́kù nínú iyán náà, ìkúùkù kan á bà mí lẹ́yìn.

Bàbá ìjọ ni bàbá mi. Àdúrà oúnjẹ rẹ̀ gùn. Á dúpẹ́ fún òjò, á dúpẹ́ fún kòkó, á dárúkọ bíṣọ́ọ̀bù, á dárúkọ àlùfáà àti ìyàwó àlùfáà, títí ojú iyán á fi gbẹ. Ìyá mi ńkọ́? Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń ha odó. Tí a bá jẹun tán, gbogbo wa á kúnlẹ̀ fún bàbá: "Ẹ ṣé, Bàbá." Òun á ní, "Á gba ibi ire." Ẹni tó bá gbàgbé, á gbọ́ ọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹran ọbẹ̀ rẹ̀ á sì kéré lọ́jọ́ kejì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìléròrò ti yọ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Bí bàbá ṣe ṣe àmín, mo yíjú sí ẹ̀yìnkùlé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá mi, ẹ ṣé o." Bàbá gbé òkèlè sílẹ̀. Ó bi mí pé ta ló ni oko tí iṣu ti wá. N kò rí oúnjẹ jẹ lọ́jọ́ náà. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, apá méjèèjì lókè, mo ń gbóòórùn ẹ̀fọ́ tí mo bá wọn sè. Títí di òní, inú ń bí mi.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi yí odó wá sáàárín pálọ̀, ó da iṣu sísè sí i, ó fi ọmọ odó tì í.

"Uṣu nìyí o, Bàbá. Ẹ gbàdúrà. Bí ẹ bá ṣe àmín tán, ká wò ó bóyá ó ti diyán."

Bàbá gbàdúrà. Kò tilẹ̀ gé e kúrú! Nígbà tó lajú, iṣu ṣì ni iṣu. Iṣu náà la fi ẹ̀fọ́ jẹ, mo ń bu ètè jẹ kí ẹ̀rín má baà yọ.

Láti ọjọ́ náà, ó fi gbólóhùn kan kún àdúrà rẹ̀: "àti ẹni tó gún un." Ẹni tó gún un! Ọkùnrin tó mọ orúkọ ìyàwó àlùfáà! Mojísọ́lá ni orúkọ ìyá mi. Bàbá kú láìdárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ta ló sọ fún wọn pé ọpẹ́ tí a dú lọ́wọ́ ènìyàn ń dín ti Ọlọ́run kù?

Láyé ìsinsìnyí, àwọn ọmọ kì í kúnlẹ̀ mọ́. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á gbé fóònù. Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n kò tó ohun tí mo rí nílé ọmọ mi ọkùnrin ní Arámọkọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Àdúrà rẹ̀ gùn bíi ti bàbá mi. Ìyàwó rẹ̀ wà ní kíṣìnnì, ó ń fọ odó. Wọ́n ṣe àmín. Èmi kò ṣe é.

"Màmá, kí ló dé?"

"Àdúrà rẹ kò tíì parí. Ta ló gún un?"

"Màmá, Ọlọ́run la ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ṣé Ọlọ́run ló ń fọ odó ní kíṣìnnì yẹn?"

Ó tẹjú mọ́ abọ́ iyán. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, tí ẹnikẹ́ni kò rán níṣẹ́, sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kọjú sí kíṣìnnì, ó kúnlẹ̀. "Mọ́mì, ẹ ṣé o."

Mo wo bàbá rẹ̀ bóyá á bá a wí. Kò bá a wí. Ìgbà yẹn ni mo tó ṣe àmín.