Ẹrẹ̀ Lára Ọ̀gànwó

Bí wọ́n bá ń la igi ọ̀gànwó ní Òrè, òórùn rẹ̀ máa ń dá mi padà sí ọ̀sán kan. Ọgbẹ́ inú kò jẹ́ kí bàbá mi lè jẹun. Àgbo èèpo igi náà ni wọ́n ń mu. Ìyá bàbá mi tún bó èèpo díẹ̀ lára ọ̀gànwó kan lóko, mo sì ń rẹ́ ẹrẹ̀ sí ojú ibẹ̀.

“Kí lò ń ṣe yẹn?”

“Mò ń wo ọgbẹ́ igi, mà.”

“Rọra rẹ́ ẹ, kó lè mí.”

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé oògùn ti tán ní ọsibítù láyé ìjọba ológun nígbà náà.

Nígbà tí a délé, bàbá mi béèrè pupuru. Wọ́n jẹ òkèlè mẹ́rin láì gbá ikùn mú. Mo sáré padà lọ sọ fún igi náà.