Ìbéèrè fún Ìyá Àríyànjiyàn

Àbúrò mi obìnrin ń kọ́ni ní ìtàn Áfíríkà ní yunifásítì. Èmi, àga ni mò ń kàn, mo sì ń fi yá àwọn onípàdé. Mi ò kì í rin ìrìn méjì fún ẹrù tí ẹ̀ẹ̀kan lè kó; epo ọkọ̀ kì í ṣe omi.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń lo yàrá iṣẹ́ kan, tábìlì dojú kọ tábìlì. Ìyá Àríyànjiyàn là ń pe ọ̀rẹ́ náà: kó tó ta ko èèyàn, á fi ìka lu tábìlì, kó-kó. Ó pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń gbèrò ẹgbẹ́ tí àwọn onímọ̀ nípa Áfíríkà nílẹ̀ wa yóò máa péjọ sí, kí wọ́n yé ṣe àlejò nínú ẹgbẹ́ ẹlòmíràn. Ọ̀rẹ́ yẹn ni yóò jẹ alága. Ìpàdé ìdásílẹ̀ kù díẹ̀ ni àìsàn mú un lọ.

Àbúrò mi ò jẹ́ kí wọ́n palẹ̀ tábìlì rẹ̀ mọ́. Nígbàkigbà tí mo bá yà síbẹ̀, á máa tẹ́tí sí tábìlì náà.

"Kí lò ń gbọ́?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ n simi."

"Tí o ò bá jẹ alága, ẹgbẹ́ yìí á tú kó tó dúró."

"Àyè ẹnìkan ni. Mi ò jókòó síbẹ̀."

Àṣà àwọn ọ̀mọ̀wé ni pé tí ẹni tó kọ iṣẹ́ ìwádìí ò bá lè wá sípàdé, ẹlòmíràn á bá a kà á. Tí ìbéèrè bá wà, ẹni tó kà á á ní òun á bá wọn bi í. Lọ́jọ́ ìpàdé, àbúrò mi ló ka iṣẹ́ tí olóògbé kọ lórí ìdí tó fi yẹ ká dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń dúró de àga mi. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìka rẹ̀ lu tábìlì: kó-kó.

Bàbá ọ̀jọ̀gbọ́n kan nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn. "Iṣẹ́ ńlá! Ta wá ni òǹkọ̀wé yìí rò pé ó yẹ kó jẹ alága wa?"

"Màá bá yín bi í, sà."

Bàbá náà rántí pé òǹkọ̀wé ti kú, ó fọwọ́ bo ẹnu. Àbúrò mi ò mira; àga kan ṣoṣo tó ṣófo níwájú ló ń wò.

Mo wo aago. "Bi í wàyí, àbúrò. Wọ́n máa ti gbọ̀ngàn yìí láìpẹ́."

Àwọn kan fajú ro sí mi. Ó tẹ́tí, ó pẹ́. Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Ó ní tí mo bá ń ṣojo, kí n yé fi òun bojú. Ó ní kí n jẹ alága náà."

Wọ́n dìbò yàn án. Ẹgbẹ́ dúró.

Mo to àga léra, mo kó wọn sọ́kọ̀. Èyí tó ṣófo yẹn, mi ò lè gbé òmíràn lé e lórí. Mo já àwọn yòókù sílé, mo sì padà wá gbé e, òun nìkan.