Koríko Hù Lẹ́nu Ọ̀nà Mi

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, ìyà tí mo sì máa ń fi jẹ ọmọ tó bá pẹ́ dé kò ju pé kó lọ gé koríko. Màá fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ fún un, láti ibí dé ọ̀hún, ẹyọ kan kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́kù. Àwọn ọmọ yẹn ti di bàbá àti ìyá ọlọ́mọ báyìí. Bí wọ́n bá kọjá níwájú ilé mi ní Ìbà, tí wọ́n rí bí koríko ibẹ̀ ṣe ga tó, mo mọ̀ pé wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sínú. Mi ò bá wọn wí.

Mi ò dédé fi koríko náà sílẹ̀ o. Nígbà tí mo kọ́lé tán, koríko òyìnbó ni mo gbìn síwájú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń gé wá ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ bíi rọ́ọ̀gì. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ọkùnrin kan ń gbé ẹ̀rọ wá gé e, á sì fín oògùn apakoríko sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ògiri. Màá dúró lójú fèrèsé, màá wò ó, orí mi á wú. Ẹ̀yìnkùlé ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbin elégédé síbẹ̀. Ó fà, ó gun ògiri, ó yọ òdòdó ńláńlá, ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá ti tó ìka ọwọ́ báyìí, á rà, á jábọ́. Odindi ọdún méjì, n kò ká elégédé kan ṣoṣo.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wá kí mi, mo sì ro ẹjọ́ elégédé fún un. Ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó tún wá wo iwájú ilé.

"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ fẹ́ kó bá yín gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó yìí láti ara akọ lọ sára abo? Iṣẹ́ oyin ni. Kí ni oyin fẹ́ wá jẹ nínú ilé yìí? Ṣé rọ́ọ̀gì?"

Inú bí mi. Mo ní kó lọ kọ́ ilé tirẹ̀ ná kó tó wá máa fojú di tèmi. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn kò dáa rárá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé àga lọ sí ìdí elégédé, mo jókòó tì í láti ìgbà tí òdòdó rẹ̀ ti là títí ó fi padé. Oyin kan ṣoṣo kò wá. Ọjọ́ yẹn ni mo pe ọkùnrin ẹlẹ́rọ pé kó má wá mọ́, kó sì máa gbé oògùn rẹ̀ lọ.

Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, gbogbo àwọn tí mo ti ń fi oògùn pa láti ọjọ́ yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Gbúre dé, yánrin dé, imí-eṣú dé pẹ̀lú òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́, patanmọ́ tó ń pa ewé dé téèyàn bá fọwọ́ kàn án náà dé. Òdòdó funfun kékeré kan tún wà tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Labalábá ló kọ́kọ́ rí wa, lẹ́yìn náà tata àti lámilámi, àtàwọn ẹyẹ wẹ́wẹ́ tó ń ṣa èso koríko jẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo gbọ́ ìró oyin lórí patanmọ́, ó ń dún bíi máṣíìnì ìránṣọ tó wà ní yàrá kejì. Mo pàtẹ́wọ́, èmi nìkan. Elégédé mẹ́rin ni mo ká lọ́dún náà, mo gbé èyí tó tóbi jù lọ fún ọ̀rẹ́ mi, mo sì fi ìkúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Àwọn aládùúgbò ń wò mí bákan. Ẹnì kan bi mí bóyá ara mi yá, òmíràn ní ejò ni mò ń ránṣẹ́ pè.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wá kan màámi ni apá mi kò fẹ́ ká a mọ́.

Màámi ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Wọ́n ń dá gbé nílùú wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn títí wọ́n fi ṣubú ní balùwẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì tètè mọ̀. Dókítà ní wọn kò gbọdọ̀ dá gbé mọ́. Èmi ni àkọ́bí wọn, ilé mi kò sì ní àtẹ̀gùn tí wọ́n máa gùn. Mo kun yàrá kan, mo ra bẹ́ẹ̀dì tí kò ga. Àdúrà mi kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n gbà láti bá mi gbé, nítorí màámi kì í lo ju ọjọ́ mẹ́ta lọ nílé ọmọ kankan kí wọ́n tó máa béèrè ọkọ̀ tó ń lọ sílé.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ọjà Àlàbá, ló gbé wọn wá. Mo ṣí géètì. Màámi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n wo iwájú ilé, wọ́n sì dúró gbagidi.

"Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

"Ta ló kú tí ẹ ò sọ fún mi? Koríko hù lẹ́nu ọ̀nà ọmọ mi, ojú mi sì là sílẹ̀!"

Láti kékeré wa ni wọ́n ti ń gbà á ládùúrà fún wa láàárọ̀ pé koríko kò ní hù lẹ́nu ọ̀nà wa. Ilé tí koríko bá hù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, onílé ti lọ nìyẹn, ọmọ kankan kò sì padà wá síbẹ̀. Àìmọye ìgbà ni mo ti ṣe àmín sí àdúrà yẹn, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo fi koríko sílẹ̀. Oyin ni mo rò, n kò ro ti ìyá mi. Dípò kí n bẹ̀ wọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé akọ àti abo òdòdó bíi pé iwájú pátákó ìkọ̀wé ni mo wà. Màámi yíjú sí àbúrò mi.

"Máa gbé mi lọ sílé tìrẹ."

Àjà kejì ni àbúrò mi ń gbé ní Òkòkòmáìkò, yàrá méjì òun, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ sì ń bú lábẹ́ fèrèsé. Ó pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kejì.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé koríko yẹn. Ìdí ni màámi fi wọ́ gun àtẹ̀gùn lánàá, wọn ò sì tíì lè sọ̀ kalẹ̀. Àbí oyin ló bí yín ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo wọ kíṣìnì, mo sunkún. Nígbà tí mo sunkún tán, mo mú àdá.

Ìbínú ni mo fi gé e láti géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mo nàró kí n sinmi, mo sì wẹ̀yìn. Ọ̀nà ti là gbọọrọ, ó mọ́ tónítóní, koríko wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì, oyin kò tiẹ̀ bìkítà fún mi. Ẹnu ọ̀nà! Àdúrà yẹn kò sọ pé kí koríko má hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo ju àdá sílẹ̀, mo gbá ojú ọ̀nà náà, mo sì wọkọ̀ lọ sí Òkòkòmáìkò pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára.

"Màámi, ẹnu ọ̀nà lẹ máa ń sọ nínú àdúrà. Ẹ ò mẹ́nu ba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí."

"Ìyàn jíjà yìí náà lo fi ṣe tíṣà," ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rín ń pa wọ́n. Wọ́n ní báwo ni ọ̀nà náà ṣe fẹ̀ tó? Mo na apá méjèèjì. Wọ́n ní kò tó, ó gbọ́dọ̀ gba ẹni méjì tó ń lọ àti ẹnì kan tó ń bọ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Wọ́n ní kí n máa gbá a láràárọ̀, kí ojú ìgbálẹ̀ máa hàn nílẹ̀, kí ẹni tó ń kọjá lè mọ̀ pé èèyàn ń gbé ibẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́.

"Màá wá wò ó. Mi ò ní mò ń bọ̀ wá gbé o."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni àbúrò mi pọ̀n wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, tó sì gbé wọn dé, lẹ́yìn tí mo ti tún fẹ ọ̀nà náà. Màámi rọra ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀ bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé àárín, wọ́n fi ọ̀pá ya koríko.

"Gbúre rèé. Yánrin rèé. Imí-eṣú, òun la fi ń wo ọgbẹ́. Oúnjẹ lò ń pè ní koríko?"

Oyin kan bà lé etí ìró wọn. Wọn ò gbọ̀n ọ́n nù. Wọ́n dúró jẹ́ẹ́ títí ó fi fò lọ fúnra rẹ̀.

"Iṣẹ́ ló ń ṣe," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé. Ọbẹ̀ yánrin ni wọ́n ní kí n sè. Ọjọ́ kẹta pé, ọjọ́ kẹrin kọjá, wọn ò béèrè ọkọ̀. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n bi wọ́n bóyá wọ́n máa dúró. Ìgbálẹ̀ ni mo gbájú mọ́, títí wọ́n fi gba ìgbálẹ̀ náà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ keje pé mi ò mọ ilẹ̀ gbá.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn láńlọ́ọ̀dù àdúgbò wa kan géètì. Kíṣìnì ni mo wà. Màámi jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń ṣa gbúre sínú abọ́.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Mítíìnì ló rán mi wá. Wọ́n ní búùṣì yìí ti ń pọ̀ jù, ejò lè máa gbé ibẹ̀. Mo fẹ́ rí onílé, mà."

Mo yára nu ọwọ́, mo ti ń to ẹjọ́ tí màá rò lọ́kàn. Kí n tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ohùn màámi.

"Onílé lò ń bá sọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni mò ń gbá ibí yìí láràárọ̀, mi ò tíì rí ejò. Máa wọlé bọ̀, ọ̀nà là. Má ṣáà tẹ gbúre mi mọ́lẹ̀."

Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì jẹ́ kí onílé gbàlejò rẹ̀.