Irin Eléyín Tó Gbé Ìyá Àgbà Wọ̀lú

Owó tí ọmọ-ọmọ mi fi ra irin eléyín kan ṣoṣo fún alùpùpù rẹ̀ lóṣù tó kọjá, nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ì bá ra odindi alùpùpù àti epo tí yóò máa mu di ọdún kejì. Ṣílè mẹ́ta àti kọ́bọ̀ díẹ̀ ni a ń ra gálọ́ọ̀nù epo nígbà náà. Mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni, mo tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan nígbà náà ni. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wà ní oko wa lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹsẹ̀ sì ń dùn ún. Àwa ará Ìbàdàn, oko ni a ti ń ṣiṣẹ́, inú ìlú ni ilé wa wà. A kì í fi arúgbó tí kò lè rìn mọ́ sílẹ̀ sí oko nígbà òjò. Wọ́n wá jíṣẹ́ fún wa pé ọkọ̀ kò dé abúlé náà mọ́, àti pé bí odò Apákó bá kún, ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ẹnikẹ́ni tó lè gbé e kọjá. Bàbá mi ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọgbà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Làmídì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló ń tún alùpùpù ṣe ní Bẹẹrẹ. Ó ní ọ̀kan tó tò fúnra rẹ̀ fún ọ̀nà ẹrẹ̀: ó yọ páànù tó ń bo táyà, ó gbé páìpù èéfín sókè, ó fi táyà oníkókó sí i. Ohun tí a ń jà lé lórí ni irin róbótó eléyín tó wà lára táyà ẹ̀yìn, èyí tí ṣéènì ń fà. Méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan ní eyín mẹ́rìndínláàádọ́ta, ìkejì ní mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Èyí tó kéré ló ń sáré. Èyí tó tóbi ń lọ́ra, ṣùgbọ́n ó lè fa ẹrù gun òkè láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnì kú.

Làmídì fẹ́ eré, torí òjò. Mo ní ẹni méjì ló ń lọ, ẹni mẹ́ta ló ń bọ̀. Ó ní ká dán an wò. A fi èyí tó kéré gun òkè Mapo, èmi lẹ́yìn rẹ̀, àpò gàrí kan láàrin wa bí ẹni pé Ìyá Àgbà ni. Ẹ́ńjìnì kú sí ìdajì òkè, àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ń kí wa kú iṣẹ́. Làmídì tú èyí tó kéré kúrò. Ó fi èyí tó tóbi sí i, ó so kún ṣéènì, ó ju èyí tó kéré sínú àpò irinṣẹ́. Ó ní, "Yunifásítì, wàá bẹ̀ mí ká pààrọ̀ ẹ̀ lójú ọ̀nà."

A kúrò nílé wa ní Bẹ́yẹrúnkà kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Ọjà'ba ṣì dákẹ́, àwọn alájàpá díẹ̀ nìkan ló ń tú ẹrù. Nígbà tí a dé ojú ọ̀dà, ìyà dé. Ẹ́ńjìnì ń pariwo bí ohun tó fẹ́ bẹ́, síbẹ̀ a kò rìn. Lọ́rì tó kó ewúrẹ́ kọjá lára wa. Àwọn obìnrin inú rẹ̀ juwọ́ sí wa. Ojú ọ̀run ti dúdú níwájú. A dúró jẹ ẹ̀kọ kọ́bọ̀ méjì àti àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà. Ewé gbòdògì ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ lọ́hùn-ún, ewé eéran ni tiwa, mo sì mọ̀ pé tiwọn tóbi jù, ṣùgbọ́n n kò mọ bó ṣe rí lẹ́nu, torí òjò tó ń bọ̀ ni mò ń wò.

N kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀."

Inú rẹ̀ dùn. Ó ti mú sípánà jáde nígbà tí òjò kán sí i lórí. Ó wo òkè, ó dá sípánà padà, a gbéra.

Ọ̀nà pupa la yà sí. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ dé orókùn. Lọ́rì ewúrẹ́ tó kọjá lára wa lẹ́ẹ̀kan ti rì sí i, wọ́n ti kó ewúrẹ́ sílẹ̀. A rọra kọjá lára wọn láìfi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Làmídì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Nígbà tí a sọdá Apákó, omi kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ.

Ìyá Àgbà ti wé gèlè, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní a pẹ́. Làmídì ní èmi ni kó bi. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà nawọ́ sí ọlọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyẹn náà ń lọ."

Làmídì ní, "Ìyá Àgbà, òkúta pọ̀ nílùú."

"Èyí tí ìyá mi dì fún mi wá sílé ọkọ nìyí. Bí kò bá lọ, ẹ máa lọ."

Òjò ti ń rọ̀ lókè odò, mo ń gbọ́ ọ. Mo bẹ̀bẹ̀. Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. A gbé ọlọ. Ó ní kí a fi ọ̀já òun so òun mọ́ ẹ̀yìn Làmídì kó má baà yọ̀, ó sì gbé ọmọ ọlọ sáàrin ìró rẹ̀. Ó fi oríkì pe Làmídì, ó ní, "Ọ̀já tí mo fi pọ̀n ẹ́ rèé, Àlàmú. Máa wa nǹkan ẹ jẹ́ẹ́jẹ́."

Nígbà tí a padà dé Apákó, omi ti pupa, ó ti dé orókùn. Mo sọ̀kalẹ̀, mo gbé ọlọ rù. Làmídì wọ inú odò bí ẹni tó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Ẹ́ńjìnì húkọ́, kò kú. Mo ń tẹ̀lé wọn, omi ń tì mí, ó sì dà bí ẹni pé ọlọ yẹn ló ń tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́ ìsàlẹ̀ odò. Bèbè tó kù níwájú ga bí òkè Mapo. Táyà yí lásán, ó yọ̀ padà sínú omi. Làmídì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, díẹ̀díẹ̀, táyà bu ilẹ̀ jẹ, wọ́n gùn ún. Nígbà tí èmi náà gòkè tí mo wẹ̀yìn, n kò rí òkúta tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ inú odò mọ́, omi ti bò ó.

Ìrọ̀lẹ́ la wọ ìlú. Bàbá mi jáde, ó wo ìyá rẹ̀ lẹ́yìn Làmídì. Òun fúnra rẹ̀ ló tú ọ̀já náà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ rin ìrìn kan, ohun tí mo fẹ́ gbé bọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń rò.

Ìyá Àgbà tún rí òjò bíi mélòó kan, inú yàrá rẹ̀ ló sì kú sí. Bàbá mi ti lọ. Làmídì ti lọ, wọ́n sì ti ta alùpùpù náà fún àwọn onírin. Nínú gbogbo wa tó sọdá Apákó lọ́jọ́ náà, èmi ló kù, àti ọlọ. Ó wà lẹ́yìn ilé. Orí rẹ̀ ni ọmọ-ọmọ mi jókòó sí nígbà tó ń de irin eléyín tuntun rẹ̀.