Bóòtù Abẹ́ Àga Bọ́ọ̀sì Iléèwé Wa

Èmi ni mo ba ihò bóòtù yẹn jẹ́, kì í ṣe Bàbá Ṣẹ́gun tó ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé wa. Ní ọjà àga Kugbo tí mo ti ń ṣe àga onírin báyìí, bí mo bá ti gbọ́ "kàà!" irinṣẹ́ tí a fi ń tún irú ihò bẹ́ẹ̀ ṣe, n ó tún di ọmọ àdúgbò Dutse Alhaji tó wọ ṣòkòtò péńpé.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ilé kò tíì kún Dutse tó báyìí nígbà náà. Láàárọ̀, eruku pupa a bò wá, bọ́ọ̀sì a máa mì lórí òkúta, òórùn àkàrà inú abọ́ oúnjẹ wa a sì gba gbogbo ọkọ̀. Bàbá Ṣẹ́gun, àgbàlagbà ará Kabba, a máa dá ìkíni wa lóhùn pé, "Yauwa, ẹ̀yin ọ̀gá mi!"

Lọ́jọ́ kan, bí a ti ń dúró de àwọn tó pẹ́, mo mú sípánà Bàbá Ṣẹ́gun, mo ń ṣe bíi mẹkáníìkì. Mo fún bóòtù ẹsẹ̀ àga wa le. Mo fún un, mo tún fún un, àfi bó ṣe rọ̀ lọ́wọ́ mi lójijì, tó ń yí lásán. Eyín tó ń di bóòtù mú nínú ihò náà ti jẹ tán. Mo ya bébà, mo fi wé bóòtù, mo tì í padà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà, bí búréèkì bá ti ké, mo ti di àga mú. Bísí, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó, a fi mí ṣẹ̀sín: "Ojo! Ṣé bàálù lo rò pé o wọ̀ ni?" N ó rẹ́rìn-ín, n ó sì tún di àga mú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ewúrẹ́ já sójú ọ̀nà. Bàbá Ṣẹ́gun tẹ búréèkì, àga wa fò sókè, Bísí sì fi ẹnu gbá irin iwájú. Ẹ̀jẹ̀ bo aṣọ iléèwé rẹ̀.

"Kai! Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ sí mi lọ́rùn ni?" Màdáámù tó ni iléèwé ló pariwo bẹ́ẹ̀ nígbà tí a dé.

"Màdáámù, mo yẹ àga yẹn wò. Ó dúró."

"Ó dúró báwo? Ẹ máa lọ sílé yín!"

Bàbá Ṣẹ́gun yíjú sí wa. "Ẹ̀yin ọmọ, ta ló fọwọ́ kàn án?"

Mo wolẹ̀.

Lọ́sàn-án, mẹkáníìkì dé. Irin tí ihò náà wà lára rẹ̀ tínrín, ọwọ́ kò sì lè dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó lu ihò fẹ̀ díẹ̀, ó ti nọ́ọ̀tì kékeré kan tó rí bí ìlẹ̀kẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fi irinṣẹ́ fún un, kàà! Nọ́ọ̀tì wú lódìkejì, ó di irin mú. Bóòtù wọlé, ó le gbagidi. Kò pẹ́ tó bí ènìyàn ṣe ń mu gààrí. Bàbá Ṣẹ́gun ti lọ.

Báyìí, ilé ti gba gbogbo pápá tí a ti ń ṣeré. Ẹnu Bísí ti san, àpá rẹ̀ kò hàn àfi tó bá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n títí dòní, n kì í jókòó, ì báà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí n má kọ́kọ́ fọwọ́ mi àga wò. Nígbà tí mo lọ sìnkú ní Kabba, mo dé ẹnu ọ̀nà Bàbá Ṣẹ́gun, mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀ nínú ilé, mo sì yí padà. Mo jẹ ẹ́ ní ìdáhùn ìbéèrè kan, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ó lè kú kí n tó fún un.