Òùngbẹ Tí Músíè Túmọ̀ Sódì

Bí èèyàn bá dé abúlé Ìdí-Àràbà, lẹ́bàá Ìlárá létí bọ́dà Bẹ̀nẹ̀, tó béèrè Nathaniel Ọdẹkúnlé, wọ́n lè ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá béèrè Músíè, ajá pàápàá á mú un délé rẹ̀. Èdè Faransé ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, kó tó fẹ̀yìn tì. Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ pé nínú gbogbo ọmọ tí òun kọ́, ọ̀kan ṣoṣo ló gbọ́ Faransé délẹ̀, Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ni wọ́n sì bí onítọ̀hún sí.

Kí ìjọba tó ti bọ́dà, Músíè ṣì níyì. Bí àwọn oníṣòwò bá ń sọdá sí Bẹ̀nẹ̀, òun ni wọ́n ń mú dání láti bá àwọn ọlọ́pàá ọ̀hún sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà pa lọ́dún 2019, táwọn ṣọ́jà gbé ìtì igi dábùú ọ̀nà, Faransé Músíè di owó ayé àtijọ́: ó wà lọ́wọ́, kò ṣeé ná lọ́jà. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀, tó sì tún rẹ́rìn-ín sí i.

Ohun tó dun abúlé ju Faransé lọ ni omi. Òdìkejì bọ́dà ni àwọn obìnrin ti ń pọnmi tẹ́lẹ̀, níbi pọ́ǹpù kan tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀. Kò jìnnà, èèyàn lè máà tíì jẹ ṣìrì àgbàdo kan tán kó tó débẹ̀. Àfi bí àwọn ṣọ́jà ṣe ń dá wọn padà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òfìfo lórí, torí irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ làwọn onífàyàwọ́ fi ń gbé bẹntiróòlù. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí odò ìsàlẹ̀, níbi tí màlúù ti ń mu tirẹ̀ kí èèyàn tó bu tirẹ̀.

Àsìkò yẹn ni alùfáà kan láti Ayétòrò mú ìròyìn wá. Ó ní ilé aṣojú orílẹ̀-èdè òkèèrè kan l'Ékòó ń fún àwọn abúlé ní ìrànwọ́ kékeré láti fi ṣe iṣẹ́ ìlú, pé kí abúlé ṣáà kọ ohun tó ń fẹ́. Wọ́n pe ìpàdé. Hùmúàní, olórí ẹgbẹ́ obìnrin, kò jókòó kó tó sọ ọ́: "Pọ́ǹpù ni ká tọrọ." Gbogbo ilé hó yéè. Wọ́n ní kí Músíè bá wọn kọ ọ́, torí ta ló tún kù?

Músíè délé, ó gbé bírò, omi wá rí ṣákálá lójú rẹ̀.

"Gbogbo ayé ló ń tọrọ omi," ó wí fún Dinah, ìyàwó rẹ̀. "Á ti sú àwọn òyìnbó. Ohun tó wúwo ni wọ́n ń fẹ́."

"Ṣé omi ò wúwo ni?" Dinah dáhùn. "Ẹ wá bá mi gbé e wò."

Músíè tẹ bírò mọ́ ìwé. Gbọ̀ngàn Èdè Faransé àti Àlàáfíà Ààlà-Ilẹ̀ ló kọ pé abúlé ń fẹ́, pẹ̀lú ọ́fíìsì fún olùdarí. Kò kọ orúkọ olùdarí o, àmọ́ ó ti ń fọkàn wo àga tó ń yí bírí, ó sì ti mọ ẹni tó jókòó lé e. Kí ẹ̀rí-ọkàn má baà dà á láàmú, ó fi omi sí i nísàlẹ̀ pátápátá: ẹ̀rọ omi kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn àlejò lè máa fi ṣanwọ́.

Kò pẹ́, èsì dé pé wọ́n ń bọ̀ wá wo abúlé. Músíè yọ kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀ jáde, èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti kọ ikùn rẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́, ó sì há ìkíni Faransé gígùn kan sórí. Bí obìnrin tó ṣáájú àwọn àlejò, Màdámù Edith, ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù, Músíè tẹrí ba, ó sì kó Faransé bo ilẹ̀. Màdámù fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́ pé òun kò gbọ́ Faransé, pé ìlú tòun kì í sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Músíè há sórí kò ní ibi ìdúró láàárín. Ó ń kà á lọ ni, ojú ń tì í, kò sì lè dákẹ́, títí ó fi dé ibi tó ti ń súre fún ìlú pé, "fífù Naijíríà, fífù Ìdí-Àràbà!" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ gan-an. Wọ́n rò pé ìpàdé ti parí.

Màdámù ní òun fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu àwọn obìnrin, kí Músíè máa túmọ̀ rẹ̀. Hùmúàní dìde.

"Ẹ sọ fún un pé òùngbẹ ń gbẹ wá. Ẹ ní kẹ́ẹ̀gì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ọrùn wa wọnú èjìká tán."

Músíè tún kóòtù rẹ̀ ṣe. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì wí pé, "Ó ní òùngbẹ ìmọ̀ ń gbẹ àwọn. Ó ní ẹrù àìmọ̀kan ti wọ àwọn lọ́rùn."

Ṣàíbù, awakọ̀ tó wa Màdámù wá, wúkọ́ lẹ́yìn jíìpù. Ikọ́ náà jọ ẹ̀rín. Ó sún mọ́ Músíè, ó rọra wí fún un pé, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ọmọ Abẹ́òkúta lèmi."

Òógùn bo Músíè nínú kóòtù. Ó wo ọ̀kánkán, ojú rẹ̀ sì ṣe kòńgẹ́ ti Dinah láàárín àwọn obìnrin. Dinah ò bínú; ó kàn ń fọwọ́ pa ọrùn ara rẹ̀.

"Bàbá Túnbọ̀sún," ó fi orúkọ ọmọ wọn pe ọkọ rẹ̀, "ẹ sọ ohun tó wí."

Músíè yí sí Màdámù, ó ní òun ti ṣi ọ̀rọ̀ náà túmọ̀, pé omi mímu ni. Ó bẹ Hùmúàní kó tún un sọ. Hùmúàní, tí Dinah ti ta lólobó nípa gbọ̀ngàn, ò fi ọ̀kan pe méjì: "Ẹ sọ fún un pé gbọ̀ngàn yín dáa, àmọ́ ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gbẹ ò lè sọ Faransé." Músíè túmọ̀ rẹ̀ láìyọ ohunkóhun kúrò, Màdámù bú sẹ́rìn-ín, Músíè náà sì bá a rín in. Kí ló tún fẹ́ ṣe?

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Ibẹ̀ ni Músíè ti rántí pé látìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà, òun ń mu omi yìí lórí tábìlì ni, òun ò dé ibi tó ti ń wá rí. Ó wo bí ó ṣe pọ́n, bí ìgbẹ́ màlúù ṣe wà létí rẹ̀. Ló bá gba kẹ́ẹ̀gì Dinah, ó ní òun máa gbé e gòkè. Kò dé ìdí máńgòrò àkọ́kọ́ tí kóòtù fi ya lẹ́yìn. Dinah gba kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ padà, ó rù ú, ó ń lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Hùmúàní ló ń sọ, Músíè ló ń kọ ìwé ìtọrọ tuntun. Nígbàkígbà tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ńláńlá kún un, Hùmúàní á ní, "Kí lẹ kọ síbẹ̀ yẹn?" Músíè á sì pa á rẹ́.

Ilé aṣojú náà fún wọn ní ohun tí wọ́n tọrọ. Àmọ́ nígbà tí lọ́rì tó kó páìpù àti sìmẹ́ńtì ń bọ̀, àwọn ṣọ́jà dá a dúró. Wọ́n ní fàyàwọ́ ni, Bẹ̀nẹ̀ ló ń lọ. Músíè ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún òun. Ó dé iwájú ọ̀gá ṣọ́jà, ó rí ìbọn, ìbẹ̀rù sì mú ahọ́n rẹ̀ lọ síbi tó mọ̀ jù: "Bọ́ńjúù, Músíè!"

"Ará Bẹ̀nẹ̀ rèé!" ni ṣọ́jà kan pariwo.

Bó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé, "wi, wi" ti àwọn Faransé ló ń já bọ́ láàárín rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ jókòó sábẹ́ igi kajú, láàárín àwọn onífàyàwọ́ ìrẹsì tí wọ́n mú láàárọ̀. Ọ̀kan nínú wọn sún fún un, ó ní, "Bàbá, àpò mélòó lẹ̀yin kó?"

Ìrọ̀lẹ́ ni Hùmúàní àti Dinah dé.

"Ọ̀gá, ọmọ ibí ni," Dinah wí. "Ẹnu rẹ̀ nìkan ló máa ń sọdá bọ́dà."

Ọ̀gá ṣọ́jà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Wọ́n fi fóònù pe Màdámù Edith, ó jẹ́rìí sí i, wọ́n sì ju lọ́rì àti Músíè sílẹ̀ pọ̀.

Lọ́jọ́ tí pọ́ǹpù kọ́kọ́ tú omi, ẹrẹ̀ pupa ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ló mọ́ gaara. Hùmúàní bu ife àkọ́kọ́, ó gbé e fún Màmá àgbàlagbà kan tí kò lè lọ sódò mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí Músíè sọ̀rọ̀, òun náà ò sì tọrọ rẹ̀. Wọ́n fi í ṣe olùtọ́jú pọ́ǹpù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa lé ewúrẹ́ kúrò lórí sìmẹ́ńtì. Faransé ló fi ń lé wọn. Ó ní àwọn nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ òun tí Faransé ń yé bí òun bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.