Ìwé Tí Mo Dorí Rẹ̀ Kodò

Nígbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ilé ìwé di ọ̀fẹ́, olódo ni mí láàárọ̀, ọ̀gá ni mí nírọ̀lẹ́. Láàárọ̀, ní kíláàsì kẹta, àwọn lẹ́tà máa ń pààrọ̀ ìjókòó lójú mi, tíṣà a sì ní kí n kúnlẹ̀. Nírọ̀lẹ́, nílé kéwú ẹ̀yìn ilé wa ní Ṣàpọ́n, bí ààfáà bá ti ké nǹkan lẹ́ẹ̀kan, mo ti há a sórí. Nǹkan tó ń ṣe mí lórúkọ, àmọ́ kí n tó gbọ́ orúkọ ọ̀hún, mo ti bímọ.

Ti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni bàbá mi mọ̀. Lọ́jọ́ Iléyá, ó ní kí n mú ìwé kíkà Yorùbá mi wá, kí n kà á fáwọn àlejò. Ẹ̀rù ò bà mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ka ẹ̀kọ́ náà sí mi létí lánàá. Mo kà á geerege, mo tilẹ̀ ń ṣí ojú ìwé. Àlejò kan na ọrùn.

"Alájì, ọmọ yín yìí mà gbọ́n o! Ó dorí ìwé kodò, ó sì ń kà á."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹran fi há ẹnì kan lọ́fun. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín.

"Ó tán. Kó máa bá ìyá rẹ̀ lọ ta ọṣẹ ní Láfẹ́nwá."

Mo bú sẹ́kún. Mi ò kórìíra ọṣẹ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ tí tíṣà bá fẹnu sọ.

Ààfáà mi, tó wà láàárín àwọn àlejò, gbé ẹran mì. "Ẹ ní sùúrù, Alájì. Lára pátákó wàláà mi, kò dá lẹ́tà alífù mọ̀ yàtọ̀ sí igi."

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sọ?"

"Kí ni kí n sọ? Òun ló ń bá mi kọ́ àwọn tó ń wo wàláà. Etí lọmọ yìí fi ń kàwé. Ẹ̀yin náà ò mọ̀wé, ẹ sì ní ṣọ́ọ̀bù méjì."

Lẹ́yìn ọdún Iléyá, ààfáà wé láwàní lọ bá tíṣà.

"Ààfáà, ṣé ẹ wá kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

"Rárá o, tíṣà. Ẹ kàn fẹnu bi í ní ìdánwò wò."

Tíṣà bi mí, pẹ̀lú ìbínú. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀ àfi ìbéèrè kan. Ó fún mi ní máàkì bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín rẹ̀.

Bàbá mi gbọ́, ó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n níwájú àlejò, kéwú nìkan ni kó máa ké."